Kámẹ́rà Àtijọ́ Àti Kámẹ́rà Tuntun: Èwo Ló Tó Yáwó Rà?



Ní ìjókòó ìgbìmọ̀ ayánilówó tó kọjá, ìwé ẹ̀yáwó méjì ló dé orí tábìlì lórí ohun kan ṣoṣo, kámẹ́rà. Ẹni kìíní jẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, láti Ọ̀bà-Ilé níhìn-ín dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹnì kejì jẹ́ ìyá aláṣọ kan tó fẹ́ máa ya ọjà rẹ̀, kó máa fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí fóònù. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì kọ sínú ìwé: Canon EOS 2000D, tuntun nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan sì wà ní Àkúrẹ́ tó fẹ́ ta Canon EOS 1100D tòkunbọ̀ fún ọmọkùnrin yìí ní owó tí kò tó ìdajì ti tuntun. Ni ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní tuntun ni kó rà. Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó fàájì, pé bí kò bá rí i san, àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo ti ń fi ojú mọ́ ihò kámẹ́rà láti ayé fíìmù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo wa.

Kí á kọ́kọ́ mọ irú ohun tí à ń sọ. Irú kámẹ́rà yìí ní dígí kékeré kan nínú ikùn rẹ̀. Dígí yìí ló ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí lọ sókè sí ojú ẹni tó ń yà á. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á gbéra, ilẹ̀kùn tín-ín-rín tí à ń pè ní ṣọ́tà á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán. Láyé ọjọ́sí, fíìmù ló ń jókòó síbi tí sẹ́ńsọ̀ wà yìí. Ìyókù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé tú kúrò, a sì lè fi òmíràn sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Oṣù kejì ọdún 2011 ni Canon kéde 1100D. Oṣù kejì ọdún 2018 ló kéde 2000D. 1200D ti ọdún 2014 àti 1300D ti ọdún 2016 ló wà láàárín wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, kámẹ́rà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni wá máa pe 2000D ní kámẹ́rà ọ̀gá, nítorí pé ó dé kẹ́yìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tà á yóò sọ fún yín ni megapixel. 1100D ní 12.2, 2000D ní 24.1. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i bí, ìlọ́po méjì ni!" Ẹ má dá wọn lóhùn kíákíá. Megapixel ni iye èérún tí a fi to àwòrán jọ. Àwòrán 1100D ní èérún 4,272 ní ìbú, 2,848 ní òró. Ti 2000D ní 6,000 ní ìbú, 4,000 ní òró. Bí a bá gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí a sì fẹ́ kó já geere, èérún 300 sí íǹṣì kan ni a sábà máa ń lò. Ẹ wá pín in wò: 1100D yóò fún wa ní fọ́tò tó fẹ̀ tó íǹṣì 14 ní ẹ̀gbẹ́ kan àti 9 àbọ̀ ní ìkejì. 2000D yóò fún wa ní 20 àti 13. Fọ́tò wo ni àwọn èèyàn wa ń tẹ̀ jù? Ṣé kì í ṣe 5 sí 7 àti 8 sí 12 ni? 1100D gbé e, ó sì tún ṣẹ́kù. Bó bá di ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, 16 sí 24, 1100D yóò ní nǹkan bí èérún 178 sí íǹṣì, 2000D yóò ní 250. Ẹni tó bá fi imú kan ògiri yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹni tó jókòó sórí àga ní pálọ̀ kò ní mọ̀.

Ibi tí megapixel ti wúlò ni gígé. Bí a bá ya ẹbí ogún èèyàn pọ̀, tí ọmọ bá wá ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé kí a yọ ìyá òun nìkan kúrò láàárín wọn, pé ìyá ti lọ, kò sì sí fọ́tò mìíràn, níbẹ̀ ni 24 ti ju 12 lọ gidigidi. Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwòrán tó tóbi ń gba àyè pẹ̀lú. Fáìlì 2000D kan máa ń tó bíi 7 sí 8 MB, ti 1100D kì í sábà ju 4 tàbí 5 lọ. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti darúgbó yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ó wá di ọ̀rọ̀ òkùnkùn. Iṣẹ́ fọ́tò tiwa níhìn-ín, inú gbọ̀ngàn ni, lábẹ́ kánópì ni, ní alẹ́ ni. Kámẹ́rà méjèèjì ń gun ISO dé 6400. 2000D lè fò dé 12800, àmọ́ àwòrán ibẹ̀ a máa rí bí ẹni da gàrí sí i lójú. Ojú kan náà ni méjèèjì fi ń wá ohun tí yóò mú: ibi 9 lórí àwòrán, èyí tó wà láàárín ló mú jù. Ìyára kan náà ni wọ́n fi ń yà, 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rí i pé ọdún 7 kò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn jìnnà síra níbi tó le jù.

Lẹ́ǹsì ló ń ṣẹ́gun òkùnkùn. Èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí ni 18-55. Bí a bá nà án tán, nọ́ńbà ihò rẹ̀ jẹ́ 5.6. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ǹsì ń fẹ̀ tó. Lẹ́ǹsì Canon kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní 50mm 1.8. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ wọlé tó ìlọ́po 9 ti èkíní yẹn! Kò sí kámẹ́rà tuntun tí yóò fún ọmọkùnrin yìí ní ìlọ́po 9 lórí 1100D. Lẹ́ǹsì yìí sì bá kámẹ́rà méjèèjì mu. Bí ẹ bá ń ra 18-55, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ IS sí i lára: èyí tó ní IS ń bá wa pa ìgbọ̀n ọwọ́ rẹ́, èyí tí kò ní i kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní tìtorí èyí rẹ́ 2000D jẹ. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ tí a fi ń wo ohun tí a yà jẹ́ íǹṣì 3, ó sì mọ́ ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti 1100D tó jẹ́ íǹṣì 2.7. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Mo ti lọ ya ìsọmọlórúkọ kan rí pẹ̀lú kámẹ́rà kan tí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ kò já geere. Lójú ibẹ̀, gbogbo fọ́tò dára. Nígbà tí mo délé tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, etí ọmọ ló mọ́ kedere, ojú rẹ̀ rí bàìbàì. Ẹ̀bi tèmi náà ni, torí bọ́tìnnì tí a fi ń fa àwòrán súnmọ́ wà níbẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ra 1100D gbọ́dọ̀ máa tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́yìn gbogbo fọ́tò tó bá ṣe pàtàkì.

Ní ti fídíò, 2000D ń ya 1080, 1100D ń ya 720. Ẹni tí yóò bá gba iṣẹ́ fídíò ní Àkúrẹ́ lónìí, 720 yóò dójú tì í. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, kò sí èyí tó ní ihò tí a lè ki maikirofóònù bọ̀ nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó lè ya kọjá ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ gba ohùn àlùfáà tàbí ti alága ìjókòó tó mọ́ yóò wá ohun mìíràn gbà á sí.

2000D tún ní Wi-Fi. Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí, kí ìrẹsì tó tutù ni wọ́n ti fẹ́ rí fọ́tò wọn lórí WhatsApp. 2000D yóò fi í ránṣẹ́ sí fóònù láìlo okùn. 1100D kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ohun kékeré tí a ń fi káàdì sí, tí a sì ń kì bọ fóònù nídìí, kò wọ́n rárá, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe.

Bátìrì ló yà mí lẹ́nu. Èyí tó jẹ́ àgbà ló lágbára jù. Ní ìdíwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ń lò, 1100D ń ya nǹkan bí 700 kí bátìrì tó tán, 2000D ń ya bíi 500. Níbi tí iná wa ti ń ṣe bó ṣe ń ṣe yìí, 200 fọ́tò kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bátìrì kan náà ni méjèèjì sì ń lò, LP-E10.

Ohun kan wà tí kì í sí nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà. Lórí kámẹ́rà, níbi tí a ń ki fíláàṣì bọ̀, irin róbótó kan máa ń wà láàárín. Ó wà lórí 1100D. Ọ̀pọ̀ 2000D ni kò ní i. Fíláàṣì Canon gan-an yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú tí irin kan ṣoṣo wà nídìí wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò wa ní nílé, kò ní tàn. Ẹni tó bá ti ní irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀, kó gbé e dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó fi sí i, kó tẹ̀ ẹ́ lójú ẹni tó ń tà á kó tó sanwó.

Ní ti tòkunbọ̀, ẹ̀rù tí àwọn kan ń bà kì í ṣe lásán. Ṣọ́tà a máa gbó bí bíréèkì ọkọ̀, kò sì rọrùn láti mọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ ti fi yà. Àwọn kámẹ́rà méjèèjì yìí kò sì ní ohun tó ń gbọn eruku kúrò lára sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, tuntun o, tòkunbọ̀ o. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá tú lẹ́ǹsì ní ìta gbangba ti pe eruku wọlé nìyẹn. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: ẹ yí nọ́ńbà ihò lẹ́ǹsì dé 22, ẹ ya ògiri funfun, ẹ fa àwòrán náà súnmọ́. Bí àmì dúdúdúdú bá wà, eruku ni. Ó ṣeé nù, àmọ́ kó jáde nínú owó tí ẹ óò san. Lẹ́yìn náà kí ẹ ya 50 fọ́tò léraléra. Bí ìkankan bá dúdú ní apá kan tàbí tí kámẹ́rà bá gan, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ó yá, kí ni mo sọ fún ìgbìmọ̀? Ìlọ́po méjì àjẹṣẹ́kù ni a lè yá ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí ọmọkùnrin yìí lè yá kó 2000D tuntun gúlé, kò sì ní ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún lẹ́ǹsì tàbí bátìrì kejì. Yóò wá wọ gbọ̀ngàn òkùnkùn pẹ̀lú kámẹ́rà tuntun àti lẹ́ǹsì 18-55, fíláàṣì tó ní nílé kò sì dájú pé yóò tàn. Mo bi í pé, "Àbúrò, fídíò mélòó lo gbà lọ́dún tó kọjá?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan ni." Mo ní kó ra 1100D náà bó bá yege lójú ògiri funfun, kó fi ìyókù owó ra 50mm àti bátìrì kan. Bó bá san gbèsè tán, tó wá ra 2000D, lẹ́ǹsì àti bátìrì kan náà ni yóò gbé lọ bá a, 1100D á sì di kámẹ́rà kejì. Kò dára kí ẹnikẹ́ni lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú kámẹ́rà ẹyọ kan. Alága kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí. Ó ní ká dúró kí àjẹṣẹ́kù rẹ̀ pọ̀ sí i, kó ra tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbìmọ̀ dìbò, a fi ẹyọ kan borí.

Ìyá aláṣọ ńkọ́? Mo ní kí Màmá má yáwó rárá. WhatsApp yóò dín fọ́tò kù kó tó gbé e lọ, ìbáà jẹ́ 12 tàbí 24. Ohun tó ń ba fọ́tò aṣọ jẹ́ ni gílóòbù pupa inú ṣọ́ọ̀bù, tó ń sọ aṣọ funfun di àwọ̀ ẹyin. Kí wọ́n ta aṣọ náà sí ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti ràn án tààrà, kí wọ́n fi fóònù ọwọ́ wọn yà á. Wọ́n ti ń ṣe é báyìí, wọ́n sì ti fi owó tí wọn ìbá fi san èlé kún ọjà.

Ẹnikẹ́ni tó bá tún ń mú ìwé ẹ̀yáwó kámẹ́rà bọ̀, kó gbé kámẹ́rà náà wá ní wákàtí kan ṣáájú ìjókòó, kí bátìrì rẹ̀ kún, kó mú fíláàṣì rẹ̀ dání. Ògiri ọ́fíìsì wa funfun, yóò tó o yẹ̀ wò.