Fọ́nrán Àtijọ́ Kì í Ṣègbé: Bí DNA Bakitéríà Ṣe Ń Di Méjì

Inú ìfun ènìyàn ni bakitéríà kan ń gbé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní E. coli. Ó rí gbọọrọ, ó sì kéré débi pé bí a bá to 500 rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, gbogbo wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀, bí a bá tú DNA inú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn nà, yóò gùn ju mìlímítà kan lọ. Òrùka ni DNA náà, kò ní orí, kò ní ìdí. Ṣe ni ó ká jọ sínú ẹ̀dá kékeré yìí. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀ sí, 20 ìṣẹ́jú péré ti tó kí E. coli kan di méjì, ọmọ méjèèjì ni yóò sì ní DNA tó pé.

Fọ́nrán méjì tó lọ́ mọ́ra wọn ni DNA. Èròjà mẹ́rin tó wà lára wọn ni a ń fi lẹ́tà A, T, G àti C ṣàmì sí. A kì í so mọ́ ohun mìíràn àfi T, G kì í sì í so mọ́ ohun mìíràn àfi C. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ bí lẹ́tà ṣe tò lára fọ́nrán kan ti mọ bí ti èkejì ṣe tò. Ní 1953, James Watson àti Francis Crick, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, sọ pé bí fọ́nrán méjèèjì bá tú kúrò lára ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ àwòkọ fún ẹnìkejì tuntun. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì sí. Àwọn mìíràn rò pé ó ṣeé ṣe kí DNA àtijọ́ wà lódindi, kí odindi tuntun sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Max Delbrück ní tirẹ̀ dá a lábàá pé àtijọ́ lè gé sí wẹ́wẹ́, kí ó pín káàkiri inú méjèèjì.

Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, nígbà tí àtijọ́ àti tuntun jọra délẹ̀délẹ̀? Ìwọ̀n ni Matthew Meselson àti Franklin Stahl fi dáhùn, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Caltech ní Pasadena, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Náítírójìn wà lára DNA. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀n 14, ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tó ní ìwọ̀n 15, nítorí pé niútírọ́ọ̀nù kan lé nínú rẹ̀. Bakitéríà ń jẹ méjèèjì bákan náà. Meselson àti Stahl fi èyí tó wúwo nìkan bọ́ E. coli títí ó fi bímọ dé ìran 14, tí gbogbo DNA wọn fi di wíwúwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí oúnjẹ padà sí èyí tó fúyẹ́. Láti ìgbà náà lọ, fọ́nrán yòówù tí bakitéríà náà bá ṣe kò lè ṣàì fúyẹ́.

Ní ìran kọ̀ọ̀kan, wọ́n bù nínú wọn, wọ́n tú DNA inú wọn jáde, wọ́n pò ó mọ́ omi iyọ̀ cesium chloride, wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí ju ìgbà 44,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ náà ti ń yí fún nǹkan bíi 20 wákàtí, iyọ̀ ń tì sí ìsàlẹ̀, omi sì ń ki sí i láti òkè lọ sílẹ̀. Ibi tí ìwọ̀n DNA àti ti omi bá ti dọ́gba ni DNA ń dúró sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin DNA wíwúwo àti fífúyẹ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ẹ̀rọ yìí yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere. Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ìtànṣán ultraviolet yà, ibi tí DNA bá wà ń hàn bí ìlà dúdú.

Kí oúnjẹ tó yí padà, ìlà kan ló wà, nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìran kan, ìlà ìsàlẹ̀ pòórá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló hàn, ní agbede méjì. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní àtijọ́ ń wà lódindi wó lulẹ̀ níbẹ̀, nítorí ìbá jẹ́ òótọ́, ìlà méjì ni à bá rí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìran kejì, ìlà méjì yọ: ìdajì dúró ní agbede méjì, ìdajì lọ sókè pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́. Wọ́n wá fi ooru 100°C tú DNA agbede méjì yẹn, ó sì pín sí fọ́nrán wíwúwo kan àti fífúyẹ́ kan. Àbá pé ó ń gé sí wẹ́wẹ́ kò lè dúró mọ́. Ní 1958 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde.

Lónìí a mọ bí DNA náà ṣe ń di méjì. Ojú kan ni òrùka náà ti ń ṣí bíi síìpù, ìṣísílẹ̀ náà ń lọ sí apá méjèèjì, àwọn ẹ́ńsáìmù sì ń to nǹkan bí 1,000 lẹ́tà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà E. coli tó mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀, nítorí náà iṣẹ́ yìí ń gbà tó 40 ìṣẹ́jú. Kí ló dé tó fi lè di méjì ní 20 ìṣẹ́jú? Kí àdàkọ kan tó parí ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. DNA tí ọmọ bá jogún ti wà lẹ́nu ìpín fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Lẹ́tà lè ṣì tò nínú irú ìyára bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àǹfààní fọ́nrán àtijọ́ ti hàn jù lọ. Àmì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí fọ́nrán tuntun kò tíì ní. Àmì yìí ni àwọn ẹ́ńsáìmù alátùn-únṣe ń wò: wọ́n gé àṣìṣe kúrò lára tuntun, wọ́n sì tún un tò bí ti àtijọ́ ṣe wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀nà yìí kan náà ni DNA inú igi, inú ẹranko àti inú ara tiwa ń gbà di púpọ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá pín ń fi ìdajì ohun tó jogún lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ìdajì tó kù ni a sì ń ṣe ní tuntun lójú àtijọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀dá fi ń bí irú ara rẹ̀ láti ìran dé ìran.