Bí iná ìkìlọ̀ bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkọ̀ yín, ẹ yẹ bátìrì wò kí ẹ tó ra brain box

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Bẹẹrẹ sí Òkè Mápó. Oòrùn ń mú, ẹ tan AC, ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan. Lójijì, iná ABS tàn, ti airbag tàn, "check engine" náà tàn, stíárìn wá le. Ẹni tó bá ń wa sports car tòkunbọ̀, bíi BMW Z4 tàbí Mercedes SLK, lè bá irú èyí pàdé nígbàkigbà. Ohun tó sì sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Brain box ti lọ."

Owó ńlá nìyẹn o! Àmọ́ bí iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá tàn pa pọ̀, kì í sábà jẹ́ pé nǹkan mẹ́rin ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí gbogbo wọn ti ń gba iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọkọ̀ òde òní ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan ń bójú tó bíréèkì, ọ̀kan wà fún airbag. Orí wáyà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí iná bátìrì bá lọ sílẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ara wọn mọ́, kálukú á wá máa kígbe.

Ẹ wo àwọ̀ iná náà

Bó bá jẹ́ pupa, bíi ti bíréèkì, ti ọ́ìlì tàbí ti ooru ẹ́ńjìnnì, ẹ wá ibi tó dáa kí ẹ páàkì. Ẹ má ṣe fi iná bíréèkì pupa sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ lè rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí "check engine" bá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ dúró.

Ẹ ní kí rìwáyà mú mítà wá

Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó yó máa ń ka nǹkan bíi 12.6 volt. Bó bá wà lábẹ́ 12, ebi ń pa á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè ju ti àárọ̀ lọ, alternator, bẹ́líìtì rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá kọjá 15, alternator ń fún un ní àfúnjù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ orí bátìrì wò bóyá ó dọ̀tí tàbí kò le dáadáa. Ẹ yẹ wáyà ground tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wò. Ìpẹtà lórí wáyà yìí nìkan tó láti da gbogbo dáṣíbọọ̀dù rú. Ẹ rántí pé inú búùtù ni bátìrì Z4 wà. Àwọn tó ní Z4 àkọ́kọ́ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nígbà òjò. Bí ewé bá dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde lábẹ́ òrùlé aṣọ rẹ̀, omi lè ba mọ́tò tó ń ṣí òrùlé náà jẹ́.

Scan kì í ṣe ìdájọ́

Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú OBD-II, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù níwájú dírẹ́bà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ki scanner bọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ibi tọ́rọ̀ wà: P jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti jíà, C jẹ́ ti bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, B jẹ́ ti ara ọkọ̀, U sì jẹ́ ti ìbánisọ̀rọ̀ àárín àwọn kọ̀ǹpútà. P0562 túmọ̀ sí pé iná ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀. U0100 ní brain box ò dáhùn. Kò ní ó ti kú o! Bóyá iná tàbí ground ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ẹ má gbà kí wọ́n ṣe èyí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó ní òun ń dán alternator wò. Iná lè ru sókè lójijì, kó sì pa brain box tó ti dára tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì, torí ọkọ̀ lè gbiná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì. Ó yẹ kí iná "check engine" àti ti airbag tàn. Bẹ́ ẹ bá sítáàtì, kí wọ́n kú láìpẹ́. Bí ọ̀kan ò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kẹ́ ẹ má baà rí àléébù. Ẹ má tíì sanwó.