Ìjọba ń fa igbó ọba lé aládàáni lọ́wọ́: Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà ní Àpápá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ìjọba bá wá sí abúlé yín lọ́la, tó ní òun àti àjọ aládàáni kan fẹ́ jọ máa ṣọ́ igbó ọba tó wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ má sì tíì bínú. Ẹ kọ́kọ́ yíjú sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ nílùú Èkó ná.

Ohun méjì ló so wọ́ọ̀fù Àpápá mọ́ igbó. Èkíní ni pé àwọn ará ibẹ̀ ti mọ bí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ fa ibi tí wọ́n ti ń já kọ̀ntẹ́nà lé iléeṣẹ́ APM Terminals lọ́wọ́. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tìjọba, àmọ́ aládàáni ló ń náwó, òun ló sì ń darí iṣẹ́. Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ tuntun dé. Ṣùgbọ́n nígbà àtúntò náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ló pàdánù iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ Ajégúnlẹ̀ wà lára ibi tí irú wọn ń gbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tírélà gba gbogbo títì kan. Wọ́n tún wọ́ọ̀fù ṣe, àmọ́ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ bàjẹ́.

Èkejì ni pé Àpápá wà lára ẹnu ọ̀nà tí ẹrù olè ń gbà jáde. Ní oṣù kìíní 2021, àwọn aṣọ́bodè tú kọ̀ntẹ́nà kan tó ń lọ sí Vietnam níbẹ̀. Ohun èlò àga àti tábìlì ni ìwé ẹrù náà pè é. Àpò ìpẹ́ akika 162 ni wọ́n bá nínú rẹ̀, àti àpò 57 mìíràn tí eyín erin àti egungun kìnnìún wà nínú wọn. Akika yìí ni ẹranko onípẹ̀ẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹrin 2019, ìjọba Singapore gba ìpẹ́ akika tọ́ọ̀nù 25.6 nínú kọ̀ntẹ́nà méjì tó wá láti Nàìjíríà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Kì í ṣe igbó Nàìjíríà nìkan ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká náà wà níbẹ̀.

Owó àti ẹ̀ṣọ́ tó wà lọ́wọ́ ìjọba kò tó fún igbó ọba wọ̀nyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá alábàáṣe. Ní 2014, ìjọba Bauchi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Wildlife Conservation Society lórí Yankari. Àjọ náà sọ pé lẹ́yìn 2015, ọdún gun orí ọdún tí àwọn apẹran kò fi rí erin kankan pa níbẹ̀. Africa Nature Investors ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ ní Gashaka-Gumti, igbó ọba tó tóbi jù ní Nàìjíríà, ó sì gba iṣẹ́ Okomu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 2022. Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ fa Pendjari lé African Parks lọ́wọ́ ní 2017. Bí ètò náà ṣe ń lọ ni pé ìjọba ló ni ilẹ̀ àti òfin, alábàáṣe a wá owó, a sì kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́.

Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣọ́ igbó tí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀fù ṣí sílẹ̀, òfo ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Inú wa dùn pé Wildlife Justice Commission, àjọ aládàáni láti Netherlands, ń fún àwọn aṣọ́bodè wa ní ìròyìn abẹ́lẹ̀. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ọmọ Vietnam mẹ́ta lẹ́bi lórí òwò yìí. Kí irú rẹ̀ máa pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará oko, ohun tó kù sọ́wọ́ yín nìyí. Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè pé ọdún mélòó ni àdéhùn náà? Ọmọ abúlé mélòó ni yóò rí iṣẹ́, ṣé ó sì wà nínú ìwé? Ibo la ó ti máa ṣẹ́gi, tí a ó ti máa wá oyin? Bí erin bá ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, ta ni yóò san án? Ta ni a ó fẹjọ́ sùn bí ẹ̀ṣọ́ bá fìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ̀wé náà.

Ọdẹ tó mọ gbogbo ojú ọ̀nà inú igbó lè di ẹ̀ṣọ́ tó dára jù, ó sì lè di ẹni tí àwọn olówó Èkó ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ohun tó bá wà nínú àdéhùn náà ni yóò sọ èyí tí yóò jẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ọwọ́ ará abúlé gbọ́dọ̀ wà nínú ọwọ́ tí a ń gbá jọ.