Ère Táíwò: Bí A Ṣe Ń Dá Ère Ìbejì Àtijọ́ Mọ̀, Tí A sì Ń Tọ́jú Rẹ̀

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá àgbà, èmi ni wọ́n ní kí n palẹ̀ yàrá wọn mọ́. Nínú àpótí, lábẹ́ àwọn aṣọ òkè, mo rí ère obìnrin kékeré kan tí nǹkan pupa lẹ̀ mọ́ lára. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo bu omi, mo mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Omi ti pọ́n kí màmá mi tó wọlé. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ọwọ́ ìyá mi ni o ń fọ̀ dànù yẹn."

Kẹ́hìndé ni màmá mi. Ère yẹn ni Táíwò wọn, tí ó kú ní kékeré.

Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí Ifá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère, gbẹ́nàgbẹ́nà a gbẹ́ ẹ ní akọ tàbí abo bí ọmọ náà ti jẹ́. Bí ọmọ tilẹ̀ kú ní ìkókó, ère rẹ̀ a máa rí bí àgbàlagbà. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a sì máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu.

Ìtọ́jú yìí ni a fi ń dá ojúlówó mọ̀. Ojú àti imú rẹ̀ a ti dán, wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ń kàn jù. Osùn a ti gan mọ́ kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, aró a sì wà nínú irun rẹ̀. Ilà ojú àti irun dídì a máa tọ́ka sí ìlú tí ó ti wá. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà sábà máa ń dúdú dọ́gba láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín, ẹ má ṣe fi omi, ọṣẹ, òróró tàbí fáníìṣì kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ ti tó láti gbọn eruku rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e. Ẹ má fà á lápá. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ògiri tí ó rin. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi tuntun lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ń jẹ ẹ́ nìyẹn: ẹ dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí oníbàárà bá sì fi owó lọ̀ yín, ẹ rántí pé láti 1979 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ.

Mo bi màmá mi bóyá kí a fi osùn tuntun kun ibi tí mo ti fọ̀. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé: orúkọ Táíwò, orúkọ ìyá àgbà, orúkọ ìlú. Èjìká òsì rẹ̀ ṣì funfun títí di òní.