Ìkókó Tí Ń Pọ Wàrà: Agolo Wo Ni Kí Ìyá Rẹ̀ Rà?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú ìwé yìí lónìí kì í ṣe ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọjà. Ọ̀rọ̀ ìkókó ni.

Kò sí àdúgbò tí a ó dé tí a kò ní í bá abiyamọ kan tí aṣọ èjìká rẹ̀ kì í gbẹ. Bí ó bá ti fún ọmọ ní wàrà tán tí ó sì gbé e lé èjìká, kò pẹ́ kò jìnnà, wàrà náà a tún gba ẹnu jáde. Ìyá ọkọ a ní, “Ìyàwó, wàrà yìí kò bá ọmọ mi lára mu, lọ ra òmíràn.” Aládùúgbò a dárúkọ agolo tí òun fi tọ́ ọmọ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù a nawọ́ sí èyí tí owó rẹ̀ ga jù. Kí oṣù tó parí, agolo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti wà lórí tábìlì, kò sí èyí tí a lò dé ìdajì nínú wọn, owó ti tán lọ́wọ́ bàbá ọmọ, èjìká ìyá kò sì tíì gbẹ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ìbéèrè agolo kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Èkíní ni pé, ṣé ara ọmọ náà le? Èkejì ni pé, báwo ni a ti ṣe ń fún un ní oúnjẹ? Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kẹta yóò tó wá kàn, èyí tí í ṣe agolo wo ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti ìdí ìbéèrè wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ yóò ná owó púpọ̀, àrùn tí ó sì yẹ kí ó tètè rí lè fara pa mọ́ fún un.

ÌDÍ TÍ WÀRÀ FI Ń PADÀ

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí ó ti pàdé ikùn, iṣan kan wà tí ó dà bí okùn tí a fi ń fún ẹnu àpò pọ̀. Bí oúnjẹ bá ti kọjá, okùn náà a fún, oúnjẹ a sì dúró sínú. Lára àgbàlagbà okùn yìí le dáradára, ṣùgbọ́n lára ìkókó ó ṣì dẹ̀. Oúnjẹ ìkókó sì nìyí, omi ni. Ikùn rẹ̀ kéré. Ìdùbúlẹ̀ ni ó sì ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nítorí náà ni wàrà, pẹ̀lú omi kíkan tí ikùn fi ń da oúnjẹ, ṣe ń gòkè padà wá sí ẹnu.

Ìgbìmọ̀ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn, kọ ọ́ ní ọdún 2015 pé ó kéré tán 40 nínú 100 ìkókó ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, pé ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àti pé nínú 100 tí ó ń ṣe, yóò ti tán lára 90 kí wọ́n tó pé ọdún kan. Bí ọmọ ti ń jókòó, tí ó ń dìde, tí ó sì ń jẹ oúnjẹ tí ó ki, bẹ́ẹ̀ ni okùn náà ń le sí i.

Ọmọ tí ó ń pọ wàrà, ṣùgbọ́n tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń sanra, tí ó sì ń tọ̀ dáradára, kò ṣàìsàn. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni ó fi kún ti ìyá rẹ̀. A kì í fi ojú lásán mọ̀ pé ọmọ ń sanra o. Orí ìwọ̀n ilé ìwòsàn ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìkókó a máa fi nǹkan bí 20 sí 30 gíráàmù kún ara lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó yẹ kí aṣọ ìdí rẹ̀ rin tó ìgbà mẹ́fà láàárín ọ̀sán àti òru.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DE AGOLO TITUN

Bí ohun tí ọmọ ń bì bá ní àwọ̀ ewé, èyí tí í ṣe àwọ̀ òróòro, ó lè jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ti lọ́ tàbí pé ó ti dí. Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà bá ń bì, tí èébì náà ń fò jáde tipátipá lẹ́yìn oúnjẹ, tí ebi sì tún ń pa á lójú kan náà, tí ó sì ń rù, ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti inú ikùn bọ́ sínú ìfun ni ó ti fún. Iṣẹ́ abẹ ni í wo èyí sàn, kì í ṣe agolo.

Bákan náà ni ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ikùn rẹ̀ wú, tí ó kọ oúnjẹ, tí ó rọ jọ̀bọ̀tọ̀, tàbí tí wàrà ń há a lọ́fun tí ètè rẹ̀ ń di aláwọ̀ aró. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà ni èébì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ó kọjá ọdún kan tí kò dáwọ́ dúró, ẹ mú un tọ dókítà lọ. Ìyá tí ó ń pààrọ̀ agolo ní irú àkókò báyìí ń fi ọjọ́ ọmọ ṣòfò.

BÍ A TI Ń FÚN ỌMỌ NÍ OÚNJẸ

Bí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú, ẹ má ṣe já a lẹ́nu ọmú nítorí pé ó ń pọ̀ ọ́. Kò sí agolo tí ó dára tó ọmú, ọmú tí a kò bá sì fà a máa gbẹ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọmọ mu ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà, láìfi omi tàbí àgbo lù ú. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn ìyá kan wà tí ikú, àìsàn, iṣẹ́ tàbí ìdí mìíràn kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún. Àwọn ni ọ̀rọ̀ agolo kàn jù lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìkókó tí ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ a máa nílò nǹkan bí 150 mílílítà wàrà lójúmọ́ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ọmọ tí ó bá wọ̀n kílógíráàmù mẹ́rin, 600 mílílítà ni tirẹ̀ láàárín ọ̀sán àti òru. Bí a bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, 75 mílílítà ni lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyá mìíràn a kún ìgò dé 150, a sì fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà: 900 mílílítà nìyẹn! Bí ìkòkò bá kún àkúnya, ṣé kò ní í ṣàn sílẹ̀ ni? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò agolo titun; kí a dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, kí a sì máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè.

Kí a gbé orí ọmọ sókè bí ó ti ń mu. Kí a rí i pé ihò orí ìgò kò tóbi jù tí wàrà yóò fi máa ya lù ú lọ́fun. Kí a dúró ní àárín oúnjẹ kí ó gùfẹ̀, kí a sì gbé e nàró lé èjìká fún nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ó bá fi ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó sì pa ẹnu dé, ó ti yó. Àwọn àgbà wa a máa rọ ọmọ, wọn a gbé e sí itan, wọn a sì fi àtẹ́lẹwọ́ da omi ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu bí ó ti ń ké. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n omi náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Bí ó bá di àtisùn, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi ọmọ lélẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń pọ wàrà. Ẹ̀rù a máa ba àwọn ìyá pé yóò há a, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ọmọdé ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdùbúlẹ̀ sẹ́yìn lórí ibùsùn pẹrẹsẹ ni kò léwu. Ìdojúbolẹ̀ ni ó ń mú ikú òjijì wá bá ìkókó lójú oorun.

AGOLO WO, FÚN ỌMỌ WO?

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ọmọ sì ń ní ìnira gidigidi síbẹ̀, ìgbà náà ni kí a tó jókòó ti dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lórí ọ̀rọ̀ agolo.

Agolo àkọ́kọ́ ni ti wàrà màlúù lásán tí a ti ṣe dọ́gba pẹ̀lú ìnílò ìkókó. Èyí ni ó tọ́ sí ọmọ púpọ̀ jù lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ kan àti èkejì kò tó bí ìpolówó ti ń wí.

Agolo kejì ni ti wàrà kíki, tí a sábà máa ń kọ lẹ́tà A.R. sí lára. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti èso igi kárọ́ọ̀bù ni a fi mú un ki, kí ó má baà tètè gòkè padà. Ó a máa dín pípọ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pa omi kíkan inú ikùn. Bí a bá lò ó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí ìyàtọ̀, kí a padà tọ oníṣègùn lọ. A kò gbọdọ̀ pa á pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tí ń mú wàrà ki. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé kò gbọdọ̀ mu ohun kíki láìsí àṣẹ dókítà. Kí ìyá má sì ṣe fi ògì tàbí ìyẹ̀fun ìrẹsì sínú ìgò fúnra rẹ̀.

Agolo kẹta ni ti wàrà tí a ti gé purotéènì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ wàrà màlúù. Yàtọ̀ sí èébì, ara wọn a máa sú, a sì máa yún wọn, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nínú ìgbẹ́ wọn. Ní ọdún 2018, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ikùn ọmọdé ti Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Yúróòpù gbà pé kí a dán irú wàrà yìí wò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní oògùn omi kíkan. Owó rẹ̀ pọ̀, kò sì dùn lẹ́nu, nítorí náà kí a má ṣe rà á láìjẹ́ pé oníṣègùn wí bẹ́ẹ̀. Bí ara ọmọ bá kọ èyí pẹ̀lú, èyí tí a ti tú purotéènì rẹ̀ ká pátápátá wà, ṣùgbọ́n ọmọ díẹ̀ ni ó nílò rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan yín. Wàrà ewúrẹ́ kò lè gba ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ti màlúù là, nítorí purotéènì wọn jọra. Wàrà ẹ̀wà sóyà kì í ṣe oògùn pípọ̀. Wàrà tí a yọ ṣúgà àdánidá rẹ̀ kúrò kì í tán ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìkókó tí ṣúgà náà kò bá lára mu ṣọ̀wọ́n.

Wàrà tí àgbàlagbà ń bù sí tíì, ì báà ṣe olómi tàbí dídùn, kì í ṣe ti ìkókó rárá. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, dìde ní Singapore ní ọdún 1939 láti bá àwọn tí ń ta wàrà dídùn fún ìyá ìkókó wí. Ó pe àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Wàrà àti Ìpànìyàn. Irú igbe bẹ́ẹ̀ ni ó di òfin àgbáyé lórí títa ohun tí a fi ń rọ́pò ọmú ní ọdún 1981, tí Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1990. Nítorí náà, ẹnu ẹni tí ń tajà kọ́ ni a ti ń gba ìmọ̀ràn agolo.

PÍPO WÀRÀ

Ìyẹ̀fun wàrà lè ní kòkòrò àìsàn nínú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Abbott ní Amẹ́ríkà pe ọ̀pọ̀ wàrà rẹ̀ padà nítorí èyí, àwọn tí a ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ wàrà màlúù sì wà lára wọn. Kí a fọ ọwọ́, kí a se ìgò. Kí a lo omi tí ó hó, tí a kò fi sílẹ̀ ju 30 ìṣẹ́jú lọ. Kí omi ṣáájú nínú ìgò, kí ìyẹ̀fun tẹ̀ lé e, ṣíbí inú agolo náà gan-an ni kí a fi wọ̀n ọ́n láìga láìdín. Kí a mú un tutù kí a tó fún ọmọ. Èyí tí ó bá sì kọjá wákàtí méjì, kí a dà á nù. Bí agolo wàrà kíki bá pàṣẹ omi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó lò ó. Ẹni tí ó bá bu omi kún wàrà kí agolo lè pẹ́ ń fi ebi pa ọmọ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ṣe àǹfààní. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ fi sùúrù bá ìyàwó lò. Aṣọ èjìká tí ó rin kì í ṣe àmì pé kò mọ ọmọ tọ́jú. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ yìí yóò jókòó ti àwo iyán tirẹ̀, tí ohun tí ó bá gbé mì kò sì ní í padà. Kí Olódùmarè dá gbogbo wọn sí. Ó dàbọ̀.