Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì Kọ́ Ni Òtútù Kánádà: Ẹ Kọ́ Ọmọ Yín Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Kọ̀ǹpútà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n tó lè kó ìdílé sí gbèsè.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gba Kánádà lọ láti kàwé. Àwọn mìíràn ń wọlé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ gan-an, nígbà tí òtútù ibẹ̀ mú jù lọ. Baba á kó owó àjọ, ìyá á yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nínú rẹ̀ ni wọn yóò sì ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní laptop, fún ọmọ. Orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ilé-ìwé wà, orí rẹ̀ náà ni òbí ti ń rí ojú ọmọ. Bó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ta ni yóò ra òmíràn?

A máa ń rò pé ọmọ tó dàgbà sí Jọ́ọ̀sì ti mọ òtútù. Lóòótọ́, ìlú wa fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju ìpele òkun lọ, ọyẹ́ wa sì ń mú kí ènìyàn wá kóòtù. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó mú tó lóru, ìwọ̀n bíi 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló sábà ń sún mọ́. Eruku ni ọyẹ́ tiwa fi ń bá kọ̀ǹpútà jà. Ní ìlú bíi Winnipeg, òru oṣù Ṣẹ́rẹ́ máa ń lọ sí ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo. Fírísà tí ẹ ń kó ẹja sí kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Inú òtútù yẹn ni ọmọ yóò dúró sí de bọ́ọ̀sì, tòun ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé òtútù ojú ọ̀nà nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ìkánjú tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà ní kété tí a bá wọlé ni kí ọmọ sá fún jù.

Ẹ wo ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Kò ní pẹ́ tí omi yóò fi bo ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó da omi sí i. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó móoru kan ohun tó tutù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló lè rí fún kọ̀ǹpútà tó tutù tí a gbé wọ yàrá tó móoru. Omi lè sẹ̀ sí inú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bí iná bá pàdé omi yẹn, ó lè ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́.

Bátìrì rẹ̀ náà ní èèwọ̀. Bátìrì lithium kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tó bá tutù ju òdo lọ. Bí a bá fipá ṣáájì rẹ̀, lithium á lẹ̀ mọ́ ara nǹkan inú rẹ̀ dípò kó wọ ibi tó yẹ, agbára bátìrì náà á dínkù, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Bátìrì tó tutù tún máa ń tètè rẹ̀, àmọ́ kí ọmọ má rò pé ó ti kú. Bó bá móoru tán, agbára rẹ̀ sábà máa ń padà.

Kí wá ni kí ọmọ ṣe? Kó tó jáde, kó pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá, kì í ṣe kó kàn pa ìdérí rẹ̀ dé. Kó fi sínú àpò rẹ̀ tó nípọn, kó wá ki í bọ àárín aṣọ àti ìwé nínú báàgì. Aṣọ kò lè mú un gbóná, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ooru tó gbé kúrò nílé tètè sá lọ. Kó má ṣe fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ mọ́jú, nítorí ọkọ̀ tí a ti pa yóò tutù bí ìta.

Bó bá wọlé, kó má tíì ṣí síìpù. Kó gbé báàgì náà kalẹ̀ ní pípadé, jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, títí kọ̀ǹpútà yóò fi rí bíi yàrá. Wákàtí kan lè tó; bó bá ti pẹ́ níta, kó fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó fọwọ́ kàn án: bó bá ṣì tutù, kó fi í sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni kó tó tàn án, kó tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Kó sì máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sórí fíláàṣì. Bó pẹ́ bó yá, a ó rí kọ̀ǹpútà rà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù mẹ́fà kò sí lórí àtẹ.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń di gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún sínú ẹrù ọmọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún un. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti wà lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ire ni a ó máa gbọ́ nípa wọn o.