Oúnjẹ Igún ní Ìlú Kùmásì

Àwọn ará wa tí wọ́n ṣòwò ní Kùmásì, kí ìjọba Gánà tó lé àwọn àlejò lọ ní ọdún 1969, kò ní ṣàì mọ igún. Lékeléke a máa ṣa kòkòrò jẹ, kannakánná a máa jí oúnjẹ gbé. Ṣùgbọ́n ààtàn àti ibi tí a ti ń pa màlúù, bí èyí tí ó wà ní Kaase, ni igún fẹ́ràn. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń fi ṣá ẹran tí ó lẹ̀ mọ́ egungun. Òkú ẹran tí ó ti rà kò lè ṣe é ní nǹkan, nítorí omi inú ikùn rẹ̀ a máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Gbálẹ̀gbálẹ̀ tí kì í gba owó oṣù ni!

Síbẹ̀, ní ọdún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá inú ìgbẹ́, kà á mọ́ àwọn tí ó wà ní bèbè ìparun. Májèlé ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin kan péré ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn ń pa á ṣe oògùn. Àwa Yorùbá ni a sì ń pa á lówe pé a kì í pa igún. Orí rẹ̀ wà lórí àtẹ àwọn lékulẹ́ja wa.